Tí rédíò bá já lu àyẹ̀wò ìbalẹ̀, ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ padà?

Àṣáfò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bàálù tí táyà rẹ̀ kì í ká ni mo ti ń wà tẹ́lẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èyí tí táyà rẹ̀ ń ká wọnú. GUMPS, àyẹ̀wò tí a ń ṣe kí a tó balẹ̀, ti mọ́ mi lórí: epo, táyà, mixture (ìwọ̀n epo tó ń bá afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì), propeller, bẹ́líìtì. Tí gbogbo nǹkan bá pa rọ́rọ́, kò sí wàhálà.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo èyí. Mo wà ní downwind (ibi tí a ti ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ runway ká tó yí wá balẹ̀), mo ti yẹ epo wò, ọwọ́ mi ń lọ síbi lífà táyà, táwà wá ní kí n fa downwind gùn torí pé bàálù kan ń bọ̀ tààrà ní final (ìlà ìkẹyìn tó kọjú sí runway). Mo ní láti dáhùn, mo ní láti fi ojú wá bàálù yẹn, èrò tó jókòó tì mí sì ń béèrè pé kí ni wọ́n wí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, ibo ni kí n ti máa bá àyẹ̀wò lọ? Ṣé ibi tí mo rò pé mo dé ni, àbí ìbẹ̀rẹ̀? Tísà mi ti fún mi ní èsì tirẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ń ṣe gan-an lókè lọ́hùn-ún ni mo fẹ́ gbọ́.

Bàbá Propeller:
Ìbẹ̀rẹ̀ ni o. "Ibi tí mo rò pé mo dé" tó o kọ yẹn, òun gan-an ni ọ̀fìn. Nǹkan márùn-ún péré ni, kí lo ń sáré lọ ṣe?

MọńdéFinal:
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé ni mo ń kà, àtàǹpàkò mi máa ń wà lórí ìlà tí mo dé. Wọ́n lè pè mí, wọ́n lè bú mi, àtàǹpàkò ò ní kúrò níbẹ̀. Tí mo bá dáhùn tán, mo padà sí ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ látorí ni mo ti ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n Bàbá Propeller ló jàre, torí kò sí ibi tí mo lè fi àtàǹpàkò lé nínú orí mi.

Tísà_Ìyẹ́:
Àṣáfò, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n èyí tó le jù lọ ò tíì sí níbẹ̀. Ò ń béèrè ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ta ni yóò rán ọ létí pé o ní nǹkan kan láti padà sí? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó fi ikùn bàálù balẹ̀ kò ṣiyèméjì nípa ibi tí wọ́n dé. Ó dá wọn lójú pé wọ́n ti ṣe é tán.

Kò sẹ́ni tó ń ru "mo gbọ́dọ̀ sọ táyà sílẹ̀" kiri lọ́kàn láti ìgbà tó ti gbéra. Ibi tá a bá dé ló ń rán wa létí. O rí orí runway ní ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ rẹ, ọwọ́ rẹ á lọ síbi lífà fúnra rẹ̀. Key Dismukes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí NASA Ames ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ irú ìgbàgbé yìí wò láàárín àwọn awakọ̀ tó mọṣẹ́ dáadáa. Awakọ̀ tó fo ìgbésẹ̀ kan kì í sábà jẹ́ aláìbìkítà. Wọ́n já lu ohun tó ń ṣe, tàbí ètò yí padà, ohun tó máa ń rán an létí ò wá yọjú mọ́, tàbí kó yọjú nígbà tí ojú awakọ̀ wà níbòmíràn. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e á wá gbà á lọ́wọ́, á sì máa bá iṣẹ́ lọ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Nínú àpẹẹrẹ tìrẹ, rédíò nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Fífa downwind gùn ti gba orí runway kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́ rẹ. Ìránnilétí rẹ ti kọjá lọ nìyẹn, kò sì ní padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá ní kó o wọlé tààrà láti ọ̀nà jíjìn: kò sí downwind rárá. Tàbí kí wọ́n yí runway padà, kí wọ́n ní má dín eré kù torí bàálù ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, kí wọ́n ní yí po lẹ́ẹ̀kan kó o fi àyè sílẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀kan nínú wọ̀nyí, kí wọ́n sọ ọ́ sókè, kí etí wọn gbọ́: "Àyẹ̀wò ti já." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kò dí rédíò lọ́wọ́, kò sì gba kí ojú kúrò níta.

Lẹ́yìn ìyẹn, má so táyà mọ́ ibì kan ṣoṣo. So ó mọ́ ìsọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Gíga tí a fi ń yí pápá po sábà máa ń jẹ́ 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè ilẹ̀. Nínú bàálù tí mo fi ń kọ́ni, tí táyà kò bá tíì sí nílẹ̀, a ò kúrò ní gíga yẹn. Táyà ló ń mú wa sọ̀kalẹ̀. Tó o bá sọ ọ́ sílẹ̀ tán, atẹ́gùn á dì í mú, eré á dín kù, ìsọ̀kalẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé o fa throttle (lífà agbára ẹ́ńjìnnì) púpọ̀. Tó o bá wá gbàgbé, bàálù fúnra rẹ̀ á máa bá ọ jà. Eré ò ní fẹ́ wálẹ̀, wàá ga jù, nǹkan ò ní rí bó ṣe máa ń rí. Bàálù tó bá kọ̀ tí kò fẹ́ dín eré, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá táyà rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹyẹlé74:
Mo gba ti Tísà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta ko Bàbá Propeller díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ dára ní downwind. Ní final ńkọ́, tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti bàálù sí ẹ̀gbẹ́? Ẹni tó bá tẹrí ba sínú ìwé ní 200 ẹsẹ̀ bàtà láti tún GUMPS kà ti gbé ewu kan sílẹ̀, ó gbé òmíràn. Mo fẹ́ kí awakọ̀ fi ikùn bàálù balẹ̀ ju kó jẹ́ kí eré tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí bàálù já lulẹ̀.

Tèmi ni pé 500 ẹsẹ̀ bàtà ni ààlà. Bí a bá débẹ̀ tí àyẹ̀wò ò tíì parí, tí eré tàbí ìlà wa kò sì tọ́, a ò ní máa ṣàtúnṣe kiri. Throttle á lọ síwájú, ó di òkè.

Bàbá Propeller:
Àbúrò, ìyẹn ò ta ko tèmi. Níbi tí àyè bá wà, padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí àyè ò bá sí, lọ wá àyè. Òkè lọ́hùn-ún kún fún àyè.

Tísà_Ìyẹ́:
Ẹyẹlé, 500 yẹn dára, ẹnikẹ́ni tó bá ń fò fúnra rẹ̀ lè fi ṣe òfin ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìkìlọ̀ kan kún un: yíyípo tó tẹ̀lé go-around (kí a fi ìbalẹ̀ sílẹ̀ ká tún gòkè) léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. O ti ká táyà. Àyà rẹ ṣì ń lù. O ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀, bóyá o tiẹ̀ ń ro ohun tí èrò ń rò nípa rẹ. O sì gé yíyípo náà kúrú kó o lè tètè balẹ̀. Ọpọlọ á sọ fún ọ pé o ti ṣe àyẹ̀wò ìbalẹ̀, òótọ́ sì ni, o ti ṣe é, fún ìbalẹ̀ tí kò wáyé. Go-around ti sọ gbogbo rẹ̀ di òfo.

Àṣáfò:
Ẹ ṣeun gan-an. "Àyẹ̀wò ti já" yẹn ti wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ti táwà, ṣé mo lè fi wọ́n sílẹ̀ láìdáhùn kí n lè parí ohun tí mo ń ṣe? Ẹ̀rù máa ń bà mí pé wọ́n á bínú.

Onírédíò:
Táwà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn. "Stand by" (ẹ dúró ná) kì í bí wa nínú. A ò rí inú cockpit yín, a ò mọ̀ pé lífà ló wà lọ́wọ́ yín nígbà tí a pè. Awakọ̀ tó sọ "stand by", tó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó wá dáhùn, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹni tó ka gbogbo ìtọ́ni padà bí ayékòótọ́, tí kò sì ṣe ìkankan nínú rẹ̀. "Unable" (mi ò lè ṣe é) náà wà níbẹ̀. Annex 2, ìwé òfin fífò ti ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, fi ìpinnu ìkẹyìn nípa bàálù sọ́wọ́ ọ̀gá awakọ̀, àwa ò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ni kí ẹ má ṣe: ẹ má dákẹ́ lásán. Tí ẹ bá dákẹ́, a ó rò pé rédíò yín ti kú, a ó tún pè, a ó tún pè, ìdíwọ́ kan á di mẹ́ta. Tí mo bá sì ní kí ẹ lọ go-around lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ yà kúrò torí bàálù mìíràn, ìyẹn kì í ṣe ìgbà "stand by". Ẹ ṣe é ná, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ní táwà àwọn ológun, àwọn adarí máa ń rán awakọ̀ létí pé kó yẹ táyà wò kó tó balẹ̀. Níbi tí kì í ṣe ti ológun, tí mo bá rí i pé ikùn bàálù rẹ mọ́lẹ̀ borogídí, màá pariwo. Ṣùgbọ́n mo lè máa wo ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ má fi mí ṣe checklist (ìwé àyẹ̀wò).

Ẹ̀fúùfù_Lélé:
Ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bíi pé iṣẹ́ abẹ ọkàn ni. Ẹni tó ti ń wa bàálù kan náà láti ọdún mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi gbogbo. Ìwé kíkà wà fún akẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá Propeller:
Ẹ̀fúùfù, ní ọjọ́ 30 oṣù October 1935, Boeing Model 299 gbéra ní Wright Field ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọkọ̀ tó di B-17 lẹ́yìn náà nìyẹn. Ployer Hill ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá láàárín àwọn tó ń dán bàálù wò fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Leslie Tower, awakọ̀ ìdánwò Boeing fúnra wọn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọn ò ṣí ohun tí wọ́n fi ti ìrù bàálù kí atẹ́gùn má bàa gbọ̀n ọ́n nígbà tó wà nílẹ̀. Ó gòkè, ó dúró, ó já lulẹ̀. Àwọn méjèèjì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn awakọ̀ ọmọ ogun jókòó kọ ìwé àyẹ̀wò. Àwọn ọ̀gá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀fúùfù_Lélé:
Mo gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé kéèyàn máa ṣí ìwé ní downwind tí bàálù mẹ́rin wà nínú yíyípo.

Tísà_Ìyẹ́:
Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n, látìsàlẹ̀ lọ sókè: ibi tí a ti ń yan táǹkì epo, lífà táyà, mixture àti propeller, bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà ni ìwé á bi ọ́ bóyá o ti ṣe é. Ọwọ́ ló ń ṣe, ìwé ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ ìwé kékeré tí a lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ, tó ní ìlà márùn-ún, ojú ò ní kúrò níta ju bó ṣe máa ń kúrò láti wo eré lọ.

Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù lára ọwọ́ tó ti mọ ibi gbogbo ni pé ẹnu náà ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Asaf Degani àti Earl Wiener wo bí àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ṣe ń lo checklist, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde ní 1990. Lára ohun tí wọ́n kọ ni pé ojú máa ń rí ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ẹnu á ti sọ "iná mẹ́ta", iná tó ń fi hàn pé táyà wà nílẹ̀, kí ojú tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé má sọ "táyà wà nílẹ̀". Fọwọ́ kan lífà, kí o sì máa ka iná aláwọ̀ ewé náà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹni tó ń ka nǹkan ní láti wò ó.

Mẹkáníìkì_Dúró:
Ẹ̀yin ti sọ ti orí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irin, torí èmi ni wọ́n ń gbé bàálù náà wá bá lẹ́yìn náà.

Ẹ má gbọ́kàn lé fèrè táyà. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, throttle ló ń ta á jí: ìgbà tó o bá fà á sẹ́yìn kọjá ibì kan ni fèrè á ké. Nínú àwọn mìíràn, flaps (abala ẹ̀yìn ìyẹ́ tí a ń tẹ̀ wálẹ̀ láti balẹ̀) tó bá lọ jìnnà náà á mú un ké. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jà, tó o wá ń fi agbára ẹ́ńjìnnì gbé bàálù bọ̀, o lè má fa throttle tó bẹ́ẹ̀ títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè á ké, awakọ̀ á sì sọ pé "fèrè stall nìyẹn, a ti fẹ́ balẹ̀" (èyí tó ń ké tí ìyẹ́ bá fẹ́ má lè gbé bàálù mọ́), inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn. Ẹ lọ sí òkè pẹ̀lú tísà yín, kí ẹ mú fèrè méjèèjì ké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí etí yín á fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Headset tó ń pa ariwo rẹ́ náà ńkọ́? Ó lè pa fèrè pọ̀ mọ́ ariwo, pàápàá tí fèrè náà bá ń ti ara cockpit jáde tí kò gba inú headset kọjá. Ẹ gbé e wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń dán fèrè wò, kí ẹ mọ bó ṣe ń dún létí yín gan-an.

Iná náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Nínú Piper Arrow, tó o bá tan iná ìrìnnà, iná táyà á rọ̀ kó má bàa fọ́ ọ lójú lóru. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn á bò ó mọ́lẹ̀, wàá rò pé kò tàn rárá. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ kí n tú bàálù palẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí. Súwíìsì iná ìrìnnà ni mo kọ́kọ́ pa. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni ò tàn, nínú ọ̀pọ̀ bàálù o lè yọ gílóòbù èyí tó ń tàn kí o fi sí i, wàá mọ̀ bóyá gílóòbù ló kú.

Ṣùgbọ́n má ṣe é ní final! Lọ kúrò nínú yíyípo, gòkè, kí bàálù dúró ṣinṣin ná. Ọjọ́ 29 oṣù December 1972, Eastern 401, L-1011 ńlá tó ń lọ sí Miami: iná táyà iwájú ò tàn. Gbogbo wọn nínú cockpit dojú kọ gílóòbù kan. Ohun tó ń di bàálù mú ní 2,000 ẹsẹ̀ bàtà jáwọ́, ẹnikẹ́ni ò fura, ó rọra sọ̀kalẹ̀ sínú irà Everglades lóru. Nǹkan bí 100 èèyàn ló kú. Táyà náà wà nílẹ̀ dáadáa. Gílóòbù ló jó.

Èyí tó kù: tí o bá ti gbọ́ tí propeller ha ilẹ̀, jókòó síbẹ̀. Má gbé throttle síwájú pé o fẹ́ padà gòkè. O ò mọ ohun tó ti ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí propeller rẹ̀ bá ti gbá nǹkan, títú ni a óò tú u yẹ̀ wò, kì í ṣe ohun tí a ó máa fi gbé èèyàn lọ sókè.

TáyàṢánṣán:
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ṣé àwa tí táyà wa kì í ká kò sí lára yín ni? Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá wáyé, ti táyà ni ẹ máa ń sọ, bíi pé àwa ò ní ohun tí a lè gbàgbé.

Kàbúrétọ̀ ni tiwa. Ìgbà tí a bá fa throttle sẹ́yìn láti sọ̀kalẹ̀ ni yìnyín máa ń fẹ́ràn láti dì níbẹ̀, kò sì nílò òtútù níta: bí omi bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó lè dì bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ kọjá 20°C. Bí táwà bá pè ọ́ kó o tó fa carb heat (ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ránṣẹ́ sí kàbúrétọ̀), tó o wá gbàgbé, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ níwájú rẹ, kò ní sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tó o bá nílò agbára láti gòkè. Mixture náà rí bẹ́ẹ̀. O dín epo rẹ̀ kù lókè, o sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbà ọ́ láyè títí di go-around, á wá máa wúkọ́. Níbi tí pápá bá wà lórí ilẹ̀ gíga, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé bàálù yín wí, torí kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni a ti ń ti mixture síwájú pátápátá.

Ti táǹkì: nínú Cessna 172, o lè fi sí méjèèjì. PA-28 ò ní ibẹ̀, òsì tàbí ọ̀tún ni. Ẹni tó bá ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kó rántí.

Àti ilẹ̀kùn. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí lókè, ariwo rẹ̀ á pọ̀, ìwé á fò, èrò á kígbe. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, yóò ṣì fò. Ohun tó ń fa jàǹbá ni kí awakọ̀ fi ọwọ́ sílẹ̀ kó máa fa ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kó ṣí. Ẹ balẹ̀ tán kí ẹ tó tì í.

Àdùkẹ́LókèLókè:
Ẹ ò tíì sọ ti èrò, Àṣáfò sì dárúkọ rẹ̀ nínú ìbéèrè. Èmi gbà pé awakọ̀ ló jẹ̀bi tí èrò bá sọ̀rọ̀ ní base (ibi tí a ti ń yà kúrò ní downwind lọ sí final). Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dákẹ́.

Àwọn ọkọ̀ èrò ńlá ní òfin tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1981, tí wọ́n bá ti wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá ti dúró lójú fífò, ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Lára ohun tó fa òfin yẹn ni Eastern 212 tó já lulẹ̀ nínú kùrukùru nígbà tó ń lọ balẹ̀ ní Charlotte ní oṣù September 1974. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ti ọkọ̀ àlòkù ni àwọn awakọ̀ ń sọ lọ́wọ́. Ó lé ní 70 èèyàn tó kú. Òfin yẹn ò de bàálù aládàáni, bẹ́ẹ̀ ni 10,000 ò sì wúlò fún ẹni tí kì í débẹ̀. Mú ààlà tìrẹ. Tèmi ni ìgbà tí mo bá kúrò ní gíga tí mo fi ń rìn láti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Kí ẹ́ńjìnnì tó tan ni mo ti ń sọ fún wọn, kì í ṣe lókè: "Tí mo bá ti na ìka yìí sókè, ọ̀rọ̀ ti parí títí a ó fi kúrò lójú runway. Àfi tí ẹ bá rí bàálù mìíràn, tàbí iná, tàbí ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ìyẹn, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀." Àfikún yẹn ṣe pàtàkì, torí mi ò fẹ́ èrò tó rí bàálù tó ń bọ̀ wá kọlù wá tó sì dákẹ́ torí pé mo ní kó dákẹ́. Mo tún máa ń fún wọn níṣẹ́. Ẹni tó ń wá bàálù lójú ọ̀run kì í ráyè béèrè ohun tí táwà wí. Tí ara rẹ̀ bá yá, mo fún un ní káàdì kékeré, kó máa pè é, kí n máa dáhùn. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn fo ìlà kankan.

Olómi:
Ẹ rántí wa o, àwa tí bàálù wa ń balẹ̀ sórí omi àti ilẹ̀. Tiwa burú ju tiyín lọ. Bó o bá gbàgbé táyà lórí ilẹ̀, ikùn bàálù ni yóò bó. Bó o bá sọ táyà sílẹ̀ tó o wá balẹ̀ sórí omi, bàálù á dojú dé, orí rẹ á wà nísàlẹ̀ omi. Ìdí nìyẹn tí "táyà, ó ti ṣe" kò fi tó fún wa. Gbólóhùn kíkún la máa ń sọ: "Omi ni mò ń bà lé. Táyà wà lókè." Tàbí: "Runway ni mò ń bà lé. Táyà wà nílẹ̀." A máa wo ohun tó wà níwájú wa nígbà tí a bá ń sọ ọ́. Ẹni tó gbéra lórí ilẹ̀, tó ń lọ síbi omi nítòsí, tó rò pé ìrìn kékeré ni, òun ni kó ṣọ́ra jù, torí ó lè má tiẹ̀ ká táyà rárá.

MọńdéFinal:
Mo ń kọ èyí sílẹ̀ fún ara mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ti tablet kún un. Èmi ti pa gbogbo ohun tó ń yọ lójú rẹ̀ kí n tó gbéra, fóònù náà sì wà lẹ́yìn. Àwòrán pápá tí mo ń lọ, mo ti ṣí i sílẹ̀ kí n tó wọ yíyípo. Tí mo bá rí i pé mò ń fi ìka wá nǹkan lójú tablet ní downwind, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti ṣe é níbi tó jìnnà, tí ọwọ́ mi dilẹ̀.

Àṣáfò:
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo bá tísà mi sọ ọ́. A fẹ́ kó máa mọ̀ọ́mọ̀ já lu àyẹ̀wò mi, nígbà mìíràn pẹ̀lú rédíò, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìbéèrè, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: touch-and-go (kí a balẹ̀, ká tún gbéra láìdúró) nínú bàálù tí táyà rẹ̀ ń ká. Tísà mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé ó ń ṣe jù ni?

Tísà_Ìyẹ́:
Kò ṣe jù. Èmi náà máa ń dúró pátápátá.

Mẹkáníìkì_Dúró:
Tísà rẹ ti rí nǹkan. Lífà flaps àti lífà táyà kì í jìnnà síra wọn. Nínú àwọn Bonanza àtijọ́, ibi tí wọ́n fi méjèèjì sí tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti bàálù yòókù, òdìkejì ni, ẹni tó bá ti ara bàálù mìíràn wá á na ọwọ́ sí flaps, á sì bá táyà. Ohun kan wà lára táyà tó yẹ kó dí lífà náà lọ́wọ́ nígbà tí bàálù bá wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ bá ṣì ń gbé ìwúwo díẹ̀ nígbà tí eré pọ̀, ó lè má tíì mọ̀ pé a ti balẹ̀.

Nítorí náà, balẹ̀, ọwọ́ kan lórí throttle, ọ̀kan lórí ìdarí. Má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Yà kúrò lójú runway, tẹ bíréèkì, dúró. Ka ohun tí wọ́n kọ sára lífà náà kí o tó gbé e. Bí táwà bá pè ọ́ láàárín rẹ̀, o ti mọ ohun tí wàá sọ fún un.